Morris, Ìjàpá, Pijó àti Tòkunbọ̀: Àwọn Ọkọ̀ Ilé Wa ní Jẹ́ríkò

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ilẹ̀ wa ló ń sọ nípa ogun, ọba àti àwọn olóṣèlú. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè bí nǹkan ṣe rí fún akọ̀wé ìjọba àti olùkọ́ ní Ìbàdàn láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí onítọ̀hún lọ wo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nínú ilé wọn. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ti gba inú ọgbà wa kọjá ní Jẹ́ríkò. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi, mẹ́ta jẹ́ tèmi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn ohun tí owó oṣù lè rà nígbà kan, àti bí ó ṣe di ohun tí kò lè rà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ Jẹ́ríkò, ẹ̀yìn Dùgbẹ̀ ló wà, lójú ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn Òyìnbó ló ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ara wọn: ilé ńlá láàárín ọgbà, igi tó ga, títì tí kò ní èrò. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tiwa bọ́ sínú àwọn ilé náà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954 wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀, àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ ìwé tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń kà náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ní Jẹ́ríkò á fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Dùgbẹ̀ kó tó rí takisí wọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ti kọ́ ọ sílẹ̀ de ọkọ̀ kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó rà á.

Bàbá mi kì í ṣe olówó. Akọ̀wé ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó. Ní 1961, ìjọba yá wọn lówó, wọ́n fi ra Morris Minor aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọkọ̀ náà rí roboto bí búrẹ́dì tó wú dáadáa. Alec Issigonis ni ọkùnrin tó ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1948 ni wọ́n gbé e jáde, òun sì ni ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ pé mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ni lọ́dọ̀ wọn, ohun tó sì jẹ́ lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Àwọn ọ̀gá àgbà ń gun Mercedes, àwa ń gun Morris, kò sì sẹ́ni tó ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wa. Ní àràárọ̀ Sátidé, bàbá á wẹ ọkọ̀ náà pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn àti omi inú garawa méjì. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ.

Òun ló gbé wa lọ wo Cocoa House ní 1965 tí wọ́n ṣí i. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Morris náà, a ń kà á, ọrùn ń dùn wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nípa Morris yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1972. Apá òsì títì la ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí a rà á, nítorí pé bẹ́ẹ̀ làwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí ṣe ń ṣe. Sítíárì ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, Dahomey tó ń jẹ́ Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Awakọ̀ tó bá ń ti Ìdí-Ìrókò wọ Dahomey gbọ́dọ̀ yí apá padà lójú ẹsẹ̀ bó ti ń kọjá ẹnubodè. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon wá pinnu pé kí àwa náà dara pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò wa. Ilẹ̀ Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní 1967, Ghana sì ṣe é lẹ́yìn tiwa ní 1974. Ọjọ́ tiwa ni ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Rédíò ti pariwo rẹ̀ títí tó fi sú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a rọra ń lọ sí ìsìn bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn, bàbá mi sì ń sọ fún ara wọn lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún."

Títì ti yí padà, ṣùgbọ́n sítíárì Morris kò yí padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣòro tó wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò lè mọ̀ ọ́n. Bí awakọ̀ bá jókòó lápá ọ̀tún, tí ọkọ̀ sì ń rìn lápá ọ̀tún títì, ẹ̀gbẹ́ koríko ló jókòó sí. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wà níwájú rẹ̀ tó sì fẹ́ yà á sílẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó jókòó lápá òsì nìkan ló lè rí i. Nínú ọkọ̀ ilé wa, èmi ni ẹni náà. Bàbá mi á ní, "Wò ó fún mi." Èmi á na ọrùn, màá sì dáhùn pé, "Ẹ dúró, bàbá, ọkọ̀ ń bọ̀," tàbí kí n ní, "Ọ̀nà mọ́, ẹ máa lọ." Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, ẹ̀mí gbogbo ilé sì wà lórí ahọ́n mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́nà Ifẹ̀, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Aṣéjìrẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kókó kan ń wọ́ lọ níwájú wa. Bàbá mi ní, "Wò ó." Mo wò ó. Ó dà bíi pé ọ̀nà ṣófo, àmọ́ mo rí ohun dúdú kan tó ń mì nínú ọ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹ dúró." Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, wọ́n sì fà á padà. Lọ́rí kan tí kò tan iná rárá ló fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi Morris wa jìgìjìgì. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Ìkirè. Níbẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ra dòdò Ìkirè, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ mọ́ bí a bá ń rìnrìn àjò.

Inú Morris yìí náà ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ní 1973, lórí àwọn títì Jẹ́ríkò tí ẹyẹ nìkan ń kọjá lórí wọn lọ́sàn-án Àìkú. Ìyá mi kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń yí sítíárì? Bàbá mi rán wọn létí pé Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ń wa ọkọ̀ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ọkọ, wọ́n sì ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Mo jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1974. Mo sin ìlú fún ọdún kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Àkókò yẹn jẹ́ àkókò owó epo rọ̀bì. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí ti dábàá pé kí ìjọba fi kún owó òṣìṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, wọ́n san án pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlú ń ra nǹkan. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo: Peugeot ní Kàdúná lọ́jọ́ kẹrìnlá, Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì, lọ́jọ́ kọkànlélógún. Ọmọ Nàìjíríà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ tí ọmọ Nàìjíríà yóò fi owó oṣù ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ní 1976, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo kọ ìwé béèrè owó àyáwó ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ra Volkswagen tuntun, àwọ̀ ojú ọ̀run, tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀.

Ìjàpá ni gbogbo Yorùbá ń pe ọkọ̀ yẹn, ẹni tó bá sì ti rí i kò ní béèrè ìdí. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Ferdinand Porsche ló ṣe é, Hitler ló sì pàṣẹ pé kó ṣe é. Nǹkan rere lè ti ọwọ́ ìkà jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1972, iye tí wọ́n ti ṣe kọjá mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì borí Model T ti Ford tó ti di ipò náà mú láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mexico.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Iwájú la ń kó ẹrù sí. Níbẹ̀ náà ni táǹkì epo àti táyà àfipamọ́ wà. Bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ ló fi ń tu ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ olówó bá dúró lórí òkè tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀, tí ọ̀gá tó wọ agbádá ń wá ẹni tí yóò bá òun bu omi, Ìjàpá mi á ké pàràpàrà kọjá lọ. Kódà, omi tó ń fọ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ inú táyà àfipamọ́ ló ń tì í jáde. Mo fẹ́ràn irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, pé kí nǹkan kan máa ṣe iṣẹ́ méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní kí n ṣí iwájú rẹ̀ fún àwọn. Mo ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ẹ gbà wá o! Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì Tíṣà!"

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í gba àbámọ̀ lára rẹ̀: bẹ́líìtì tó ń yí fáànù. Bó bá já, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jó. Mẹkáníìkì mi ní Ẹlẹ́yẹlé, àgbàlagbà kan tó ní àpá iná lọ́wọ́, kọ̀ láti jẹ́ kí n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí tí mo fi yọ bẹ́líìtì náà, tí mo sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, bó bá já ní Mọ́níyà lóru, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ má dúró de ọkùnrin kankan." Ó já lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tí mo padà fẹ́ kò ní ọkọ̀ nígbà yẹn. Olóòtú ni wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé Jẹ́ríkò. Èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sílé nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń gbé ọkọ. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á jókòó. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ wọn nìyẹn, bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́. A ṣègbéyàwó ní 1978, ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ìjàpá sì gbé wa lọ sí Èkó lórí ọ̀dà tuntun tó ń dán bí ojú omi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìgbà yẹn kò ní ewu. Títì wa ń pa ènìyàn, pàápàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kú sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká láàárín àwọn tó gbé e dìde, ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ tó dá èyí tí gbogbo yín mọ̀ lónìí sílẹ̀ ní 1988. Wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo táyà, wọ́n wo iná, wọ́n ní kí n máa lọ. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí Ìjàpá náà di ẹbí wa ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn bí ẹni tú u dà láti inú agbada, odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é. Ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ, ilé tí a kò lè kà sì wó. Ilẹ̀ Jẹ́ríkò ga, omi kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn ń gbé nítòsí Ògùnpa pẹ̀lú ọmọ márùn-ún.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ní àwọn á bá mi lọ, mo ní kí wọ́n dúró, nítorí pé àga tí wọ́n bá jókòó sí, ọmọ méjì lè jókòó síbẹ̀. Mo wà á dé ibi tí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí n lè kọjá mọ́ lẹ́yìn Dùgbẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ rìn. Mo rí àwọn ọkọ̀ tí omi ti gbé gun ara wọn bí àpótí ìṣáná. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí lápá kan. Àwọn tìkára wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn àti ọmọ aládùúgbò mẹ́rin tí òbí wọn kò tíì dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Wọ́n kàn ń ka àwọn ọmọ náà lórí, wọ́n ń kà wọ́n léraléra: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Mo kó ọmọ mẹ́sàn-án sínú Ìjàpá. Mẹ́ta níwájú, mẹ́rin lórí àga ẹ̀yìn, méjì tó kéré jù nínú àlàfo tó wà lẹ́yìn àga náà, lókè ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti móoru. Àwọn méjì yẹn ti ń gbọ̀n láti òru. Kí a tó dé Jẹ́ríkò, wọ́n ti sùn lọ. Mo padà lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn. Lọ́jọ́ kẹta ni òbí àwọn ọmọ mẹ́rin náà tó rí wọn, mo dúpẹ́ pé wọ́n rí wọn. Ẹbí ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ́dọ̀ wa fún oṣù méje.

Nígbà tí a fi máa bí ọmọ wa kẹta, Ìjàpá ti kéré jù. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Gómìnà Bọ́lá Ìgè bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ti kún kíláàsì mi fọ́fọ́, ìwé ìdánwò tí mo ń gbé relé sì ti pọ̀ ju ohun tí iwájú Ìjàpá lè gbà. Ní 1982, mo yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, ọkọ mi fi tiwọn kún un, a ra Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ọkọ mi ló ní kí orúkọ mi wà lórí ìwé rẹ̀, torí pé orúkọ mi ló wà nínú ìwé gbèsè. Mẹkáníìkì mi ló ra Ìjàpá; ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Pijó kò nílò kí n yìn ín. Gbogbo yín ló ní bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó ń yìn ín. Wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ilẹ̀ wa ló wá rí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí ó ń rìn nínú kòtò bí ẹni ń rìn lórí tìmùtìmù. Kàdúná ṣì ń tò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Faransé ti jáwọ́. Kọmíṣọ́nnà ń gùn ún, awakọ̀ èrò ń gùn ún, èmi tíṣà náà ń gùn ún.

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí lọ.

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, náírà kan àti dọ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Kí 1987 tó parí, náírà mẹ́rin kò tó ra dọ́là kan mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa ń fi owó òkèèrè ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tò, nítorí náà iye ọkọ̀ fò sókè. Owó oṣù kò fò. Mo máa ń ka àwọn ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa: ní 1980, olùkọ́ mọ́kànlá ló ní ọkọ̀ níbẹ̀, ní 1990, a ku mẹ́rin, gbogbo wa sì ti ra tiwa kí SAP tó dé. Kò sí olùkọ́ kankan tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn náà tó gbé ọkọ̀ tuntun wọlé.

Ọdún 1990 yẹn ni ọkọ mi kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí wọn péjọ sí pálọ̀ wa láti pín ẹrù. Bó ṣe rí láyé ijọ́un nìyẹn, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà wa. Wọ́n pín agbádá, wọ́n pín aago, mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Pijó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn ti mú kọ́kọ́rọ́ dání. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ìwé yìí." Àgbà tó dàgbà jù gbà á, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, orúkọ ta nìyí?"

Mo ní, "Orúkọ èmi ọmọ yín ni, bàbá. Ọmọ yín ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀."

Ilé dákẹ́. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ohun tí ọmọ wa bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a kì í tú u." Pijó yẹn ló gbé àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje, epo bẹntiróò sì di wúrà. Pijó jókòó sínú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi àgbà wọ yunifásítì, èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo tà á.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà ní gáréèjì Ìwó Road, mò ń lọ síbi òkú kan ní Ìwó. Mo rí Pijó kan tí wọ́n ti kun ní àwọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ní kòtò kékeré kan tí mo mọ̀, níbi tí ọmọ mi kejì ju òkúta sí. Mo wọlé. Mo sọ fún awakọ̀ pé èmi ni mo ni í tẹ́lẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Kò ṣàìsàn rí." Ó ní kí n jókòó síwájú. Nígbà tí a dé Ìwó, mo san owó ọkọ̀ mi bíi ti gbogbo èrò. Ó fẹ́ kọ̀ ọ́, mo ní rárá, kó fi ra epo fún un.

Ti ẹ̀kẹrin kò gùn. Ní 2001, nígbà tí ìjọba ti fi kún owó oṣù díẹ̀, mo ra Toyota Starlet tòkunbọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Orúkọ iyì ni. A wá fún ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò kí wọ́n tó rọ́ ọ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Cotonou. Nínú àpótí iwájú Starlet mi ni mo ti bá ìwé ìrajà kan láti Antwerp: búrẹ́dì, wàrà àti oúnjẹ ológbò. Ẹnìkan ti fi ọkọ̀ yìí lọ ra oúnjẹ ológbò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ mi. Kò dà mí láàmú púpọ̀. Ọkọ̀ tó dára ni, ó ṣì ń jí bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò kàn lè fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn àwọn tó ṣáájú.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2011. Nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn mi, mo kó àwọn ìwé ọkọ̀ sí: láísẹ́ǹsì Morris ti bàbá mi, ìwé Pijó tí àgbà yẹn kà, àti lẹ́tà tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó àyáwó Ìjàpá ní 1976. Ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn náà di olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n gbé e lọ. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kan tó wá kí mi, mo fi lẹ́tà yẹn hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo déètì rẹ̀, ó wo ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ní, "Màámi, ṣé ọdún kan péré lẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ọdún kan àti oṣù mélòó kan."

Ó rọra ká lẹ́tà náà, ó dá a padà sínú agolo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó gbé báàgì ìwé ìdánwò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ dúró de takisí Micra létí títì.